Eyínmẹ́nugún Nínú Ìwé Ìpíngún

Ilẹ̀ tí ibojì ìyá ìyá mi wà, ní ojú ọ̀nà oko Ìlerò, ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Katapílà ti ha ibojì náà dànù, ó sì hú igi irú tó ṣíji bò ó. Ìyá mi, tó ń retí pé ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni a ó sin òun sí, ṣì wà láàyè, ó sì mọ̀.

Kí katapílà tó dé, olórí ẹbí wa ti kéde níwájú àwọn mọ̀lẹ́bí pé ìyá ìyá mi kì í ṣe ọmọ ilé wa, pé ìwọ̀fà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò rà padà ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, nítorí ẹni tí a bá yọ kúrò nínú ìran, ibi tí a ó sin ọmọ rẹ̀ sí di ohun àtọrọ. Mo ti ń gbọ́ pé bàbá tó bí ìyá ìyá mi, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba Ìgbàgbọ́ ládùúgbò wa, ṣe ìwé ìpíngún nígbà ìjọba òyìnbó. Mo wá a dé kóòtù ní Ìsẹ́yìn, mo sì rí i. Ó fi ilẹ̀ ojú ọ̀nà oko náà, títí dé ìdí igi irú, sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, Eyínmẹ́nugún.

Nígbà tí mo kà á sí etí ẹbí, olórí ẹbí ní ẹnikẹ́ni kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa. Àwọn àgbà mi orí. Èmi pàápàá kò gbọ́ orúkọ náà rí.

Ìyàwó tó dàgbà jù nínú agbo ilé ló bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ni mo rò pé ó ń dá akọ̀wé tó kọ ìwé náà lóhùn nígbà tí àìsàn ti dá bàbá náà mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ni.

“Ọkọ mi, ìyàwó wo ló jẹ́ pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ? Ṣé ohun tí ìwé sọ yín dà nìyí?”

Ó ní eyín ìyá ìyá mi gún régé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó fi ń pè é ní Eyínmẹ́nugún, òun náà sì pè é bẹ́ẹ̀ títí ìyá ìyá mi fi kú.

Mo tún ìwé náà kà. Kò sí orúkọ àbísọ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n fún ní ilẹ̀ tí olórí ẹbí ń gbin iṣu sí lónìí. Ìbúra olórí ẹbí fúnra rẹ̀, pé Agùntáṣọọ́lò ni bàbá òun, wà nínú fáìlì kan náà ní kóòtù.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì sọ ohun tí mo rí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi.

“Alùpùpù lo máa ń gùn gba ọ̀nà oko Ìlerò, àbí? Ọ̀nà yẹn dá o, ọmọ mi. Máa rọra.”

Láti ìgbà náà, bí alùpùpù kan bá dẹ eré lẹ́yìn mi, àyà mi a já. Ìyá mi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ ilẹ̀ fún wọn, pé òun kò fẹ́ sunkún ọmọ. Kí n tó rí agbẹjọ́rò, olórí ẹbí ti ta ilẹ̀ náà, katapílà sì ti dé.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ti ń kọ èyí. Síbẹ̀, mo ń béèrè ní gbangba lọ́wọ́ olórí ẹbí, ẹni tó dá bàbá tirẹ̀ mọ̀ nínú ìwé tó sì sẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, àti lọ́wọ́ ẹni tó ra ilẹ̀ náà, tó fi ojú ara rẹ̀ rí ibojì: níbo ni ẹ kó egungun ìyá ìyá mi sí? Ẹ dáhùn, nígbà tí etí ìyá mi ṣì ń gbọ́rọ̀.