Igbó Tí Bàbá Mi Ò Ro

Bàbá mi kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Ìrẹsì ló ń gbìn. "Ọ̀lẹ Etídò" ni wọ́n ń pè é.

Igbó kan ló fa orúkọ náà. Ilẹ̀ wa dé etídò, bàbá mi sì fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ láìro kí wọ́n tó bí mi. Koríko ibẹ̀ ga jù mí lọ. Àparò ń yé síbẹ̀, wọ́n ń ké láràárọ̀, ehoro ń sùn síbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?" Á ní, "Ọwọ́ ò dùn mí. Mo ní àlejò ni."

Tí ìrẹsì bá gbó, kì í ti etí oko bẹ̀rẹ̀ ìkórè bíi ti gbogbo ayé. Àárín ló ń bọ́ sí pẹ̀lú dòjé, á wá máa gé e bọ̀ síta. Ó ní téèyàn bá ti etí bẹ̀rẹ̀, àárín làwọn ọmọ àparò máa há sí, dòjé á sì bá wọn níbẹ̀. Mo máa ń kùn. Ìrẹsì ń họ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín jù ni Ọ̀gá Katakata, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Òun nìkan ló ní katakata ládùúgbò. Ó ro ilẹ̀ tiẹ̀ kan omi.

Ìjọba wá ṣòfin tuntun: àgbẹ̀ tó bá fi etí oko sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ní irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n á sì gbé pátákó sóko rẹ̀. Kíá, Ọ̀gá Katakata ò ro etídò tiẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tá a sin bàbá mi ni pátákó dé oko Ọ̀gá Katakata. Wọ́n ya fọ́tò. Ó dúró níwájú wọn, ó ń ṣàlàyé àparò! Gbogbo àparò ló ga bákan náà, àfi èyí tó bá gun ebè. Ebè bàbá mi ló gùn.

Mo lọ pe obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ kó wá wo tiwa. Ó rin igbó náà já. Ó mirí.

"Ó dára o. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń ro tẹ́lẹ̀ lòfin sọ. Ẹ ò ro eléyìí rí."

"Torí pé bàbá mi ti ṣe é kí òfin tó dé?"

"Ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Mo sọ fún ìyá mi pé màá ro igbó náà lọ́la. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, màá tún fi í sílẹ̀, a ó sì gba pátákó. Aṣọ ló ń ká. Kò wojú mi.

"Ṣé pátákó lá máa ké láàárọ̀?"

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ́. Ọ̀gá Katakata rí mi, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọmọ Ọ̀lẹ! Ṣé o fẹ́ fọ orúkọ bàbá ẹ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ro ó ni, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ro ó dáadáa o! Kò tíì sí ju eku lọ nínú tèmi. Tó o bá ti ro ó tán, àparò bàbá ẹ ò ríbi méjì lọ. Màá ní mo ti ń sìn wọ́n láti kékeré."

Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó lọ. Àparò kan ké nínú igbó wa. Kí èyí máa ké lóko ọkùnrin yẹn? Láéláé! Mo gbé ọkọ́ padà sílé. Ìyá mi rí i pé erùpẹ̀ ò kàn án.

Bóyá Ọ̀gá Katakata mọ̀ọ́mọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí n má bàa ro ó ni, mi ò mọ̀. Mi ò sì ní bi í.

Ìrẹsì gbó. Dòjé bàbá mi ni mo mú. Èèkù rẹ̀ ti jẹ, ó bá àtẹ́lẹwọ́ tiẹ̀ mu, kò bá tèmi mu. Mo wọ àárín oko, mo ń gé e bọ̀ síta. Ìyá àparò kan yọ, àwọn ọmọ tẹ̀lé e. Apá ibi pátákó ló kọrí sí. Mo ju dòjé sílẹ̀, mo sáré yí i ká, mo ń pàtẹ́wọ́:

"Rárá o! Ọ̀tún! Ilé yín nìyẹn!"

Ó dúró. Ó yà sọ́tùn-ún, gbogbo wọn sì wọnú igbó bàbá mi.