Pẹ̀lẹ́ Tí Mo Gbé Mì

Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa jó. Bí mo bá dákẹ́, ètè mi á máa yún mi. Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kó wá máa di orí aláìsàn mú lọ́dọ̀ dókítà eyín!

Ilẹ̀ ni mo ń gbá tẹ́lẹ̀ nílé ìwòsàn náà ní Parakou, láyé ìjọba sósíálísì tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámárádì. Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ dókítà ṣí lọ sí Kútọnu, dókítà ní kí n fọwọ́ kí n wá. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná se ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń dí i, mo sì kọ́ bí mo ṣe máa na ẹ̀mú sí dókítà láti ẹ̀yìn àga kí aláìsàn má baà rí i. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ fi dán mi wò.

Àṣìṣe mi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ̀mú bá ti kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, ẹnu mi á ti sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́." N kì í mọ ìgbà tó ń jáde. Kí ni ọmọ Ṣábẹ̀ tún fẹ́ sọ fún ẹni tí nǹkan fẹ́ dùn? Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Tèmi wá di akọ létí àwọn aláìsàn. Bí mo bá ti kí wọn, wọ́n mọ̀ pé ó dé nìyẹn, wọn á sì fò sókè. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan láti Zongo gé dókítà níka jẹ.

Ọmọ Kétu ni dókítà. Ó ń fi òwú wé ìka, ó ní, "Kámárádì, bí mo bá tún gbọ́ pẹ̀lẹ́ yẹn, wàá padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí ìyá mi fẹsẹ̀ rìn wá láti Titirou, ó fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó jókòó sórí àga, ó di ọwọ́ òsì mi mú. Mo fi ọ̀tún na ẹ̀mú. Màmá gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi, ó ń retí rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi ń jó nínú bàtà. Mo fi eyín tẹ ètè mi mọ́lẹ̀.

Eyín náà jáde wẹ́rẹ́. Màmá ò tilẹ̀ mira.

"Ó tán," ni dókítà wí fún mi. "Láti òní, o ti di olùrànlọ́wọ́ mi."

Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Màmá tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́, ó mú gèlè rẹ̀, ó jáde láìwo ojú mi. Mo sáré tẹ̀lé e dé ẹ̀bá títì.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dókítà ló ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ó dúró. Òwú kún ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké.

"Ṣé dókítà ló bí ọ ni?"