Olùkọ́ Ẹ̀yìn Ògiri

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́sàn-án Àlàmísì, ni ó bẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń rùn nínú yàrá tí mo háyà lẹ́yìn Ọjà Tuntun, àyà mi sì ń já, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì, iléèwé kan ṣoṣo ló pè mí fún iṣẹ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa kọ́ kíláàsì kan níwájú ọ̀gá wọn: bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ òyìnbó gígùn sí sílébù, àti sílébù tí ohùn ti ń wúwo jù. Bí mo bá kùnà, ilé bàbá mi ni mò ń padà sí.

Mo ń fi ìka kan ògiri bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀: na-tion-al-i-ty. Ìró márùn-ún, gbogbo wọn dọ́gba, bí a ṣe máa ń ka wàláà ní ilé-kéú. Ògiri dá mi lóhùn. Ìró márùn-ún ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wúwo bí ẹni fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀kẹta ni lóòótọ́. Mo gé ìrù ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó ku "nation". Ìró méjì padà wá, ìkíní ló wúwo.

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sáré bá ìyá onílé. "Ìyá, ta ló wà ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi?"

"Yàrá tíṣà? Kò sẹ́ni níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nìyí létí aṣọ mi. Àbí ìwé ti ń dà ẹ́ lórí rú ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé èdè òyìnbó ni bàbá tíṣà náà fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, pé inú yàrá yẹn ló kú sí, àwọn ará àdúgbò ló sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì wá ṣe àdúrà fídáù fún un. "Bí o bá gbọ́ nǹkan, sọ fún mi o. Màá pe àlùfáà kó wá ka Kùránì síbẹ̀, kó lè sinmi."

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, nítorí bí ó bá sinmi, ta ni yóò tún máa dá mi lóhùn?

Mo yege lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá iléèwé ní, "Ta ló kọ́ ẹ báyìí?" Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi wò mí kí wọ́n tó gbà mí pátápátá, nítorí náà, mò ń kan ògiri lójoojúmọ́.

Láìpẹ́ yìí, ìdáhùn rẹ̀ ti ń pẹ́. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kàn án kí ó tó dáhùn, gbogbo ìró rẹ̀ sì dọ́gba, kò sí èyí tó wúwo, bí ẹni tó ti rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbẹ̀rù mi pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí bàbá yìí sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún ìyá onílé lónìí, àbí kí oṣù mẹ́ta kọ́kọ́ pé?