Ààlè Ojú Sánmà ní Ajue

Kò tíì pẹ́ rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí ti ní fóònù lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ kò sí ní Ajue, abúlé wa, láàárọ̀ ọjọ́ tí katapílà fẹ́ wá hú kòkó wa. Èmi wà níbẹ̀. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ojú mi kò kàwé kó tó máa ríran.

Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ gba ilẹ̀ wa láti gbin ọ̀pẹ. Wọ́n ní ìjọba ti fún àwọn. Àwa tí bàbá wa gbin kòkó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wá. A wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Odígbó, a kọrin títí ohùn fi há; wọ́n fún wa ní omi inú ọ̀rá, wọ́n ní ká máa lọ.

Ìgbà náà ni Adétutù dé láti Ọ̀rẹ̀. Agbẹ́gilére ni bàbá rẹ̀. Òun náà ń gbẹ́ ère, àmọ́ inú fóònù ló ń gbẹ́ tirẹ̀ sí. Bí o bá fi ojú lásán wò ó, afẹ́fẹ́ ni. Bí o bá gbé fóònù sókè, ère á dúró gbagidi níwájú rẹ. Ó ti fi ẹja tó wọ agbádá jókòó sórí òrùlé ibùdókọ̀ rí.

Ó bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fi ń lé olè lóko?"

"Ààlè ni. A ó so àkísà, sílípáàsì tó ti já, ṣùkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín rọ̀. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ wọlé, ohun tó bá rí, kó fara mọ́ ọn."

"Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀kan lé gbogbo oko."

"Alàgbà ìjọ ni mí o."

"Ẹ máa gbàdúrà sí i nígbà náà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé fóònù ọmọ mi sókè. Sílípáàsì tó gùn ju tírélà ló so rọ̀ lójú sánmà. Ìkarahun ìgbín tó tóbi bí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń hanrun. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́, adìyẹ wa sá sábẹ́ ibòji rẹ̀.

Katapílà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo inú fóònù ọwọ́ mi, ó fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ sọ nǹkan yẹn kalẹ̀."

"Èwo?"

"Èyí tó wà lókè yẹn."

"Ẹ fọwọ́ kàn án, kí n lè mọ èyí tí ẹ ń wí."

Ọmọ abúlé Omífúnfún ni awakọ̀ katapílà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé o ya wèrè ni? Àwòrán lásán ni."

"Ọ̀gá, àkísà lásán náà ni bàbá mi máa ń so. Mi ò tíì rí ẹni tó kọjá rẹ̀. Ẹ gùn ún, kí ẹ wà á fúnra yín."

Aṣojú wo àga katapílà. Kò gùn ún.

Kòkó Ajue ṣì dúró, èyí la jèrè. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà gba ọ̀nà Araromi-Obu padà wọlé pẹ̀lú awakọ̀ tí kò mọ ààlè, wọ́n sì hú oko Ìyá Bọ́sẹ̀ tó wà níhà ibẹ̀ pátápátá. Ọlọ́pàá mú Adétutù, wọ́n ní kó gbé ààlè náà wá sí àgọ́ bí ẹrù ẹ̀rí. Nígbà tí kò rí i gbé, wọ́n tú u sílẹ̀, àmọ́ wọ́n gba fóònù rẹ̀.

Gbèsè oko Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà. Láràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀, ó ń gbin kòkó sáàárín ọ̀pẹ wọn. Wọ́n hú u, ó tún gbin òmíràn. Èmi ni mo ń bá a pọn omi. Ẹ gbé garawa yín wá.