Agbágimọ́ra àti igi tí kì í kú

Ìtàn tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ jù nípa bàbá kan tó bá wọn ṣiṣẹ́, tó ti di olóògbé báyìí, ni ti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ká a mọ́ ibi tó ti gbá igi kan mọ́ra níwájú báǹkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi fóònù ìjọba ìlú fi gbogbo igi àdúgbò sórí máàpù. Sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ló ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí fún fóònù náà, kì í sì í tètè rí èèyàn; tí èèyàn bá yẹsẹ̀ díẹ̀, igi á bọ́ sáàárín títì lórí máàpù. Bàbá bá kúkú ń gbá igi mọ́ra, á fi fóònù ti èèpo rẹ̀, á sì dijú. Ọlọ́pàá bi í pé kí ló ń ṣe.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Wọ́n ń wá wa láti òkè."

Ọlọ́pàá náà gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Agbágimọ́ra.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, fojú winá nítorí bàbá rẹ̀. Máàpù a máa béèrè ohun tó ń gbé orí igi, ẹyẹ ni tàbí oyin. Àwọn yòókù á wo ìtẹ́, wọ́n á kọ ẹyẹ, wọ́n á sì máa lọ. Bàbá ní òun ò lè máa sọ̀rọ̀ onílé lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró nínú ọgbà lọ́yà kan títí ẹyẹ fi darí wálé. Nígbà tí ìdúró rẹ̀ sú lọ́yà, ó gbé àga fún un.

Máàpù tún ń béèrè ìlera igi: ara rẹ̀ le, ara rẹ̀ ò yá, tàbí ó ti kú. Bàbá ò tẹ ìkẹta rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kùkùté kan tí àáké ti jẹ ìyókù rẹ̀ tán.

"Bàbá, kí lẹ kọ fún eléyìí?"

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Kùkùté mà ni!"

"Ẹ ò wá rí i pé ara rẹ̀ ò yá lóòótọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní àbájáde. Ibi tí máàpù bá ti ní igi kú nìkan ni ọ́fíìsì ń gbé igi tuntun lọ gbìn. Ọ̀dá ti pa gbogbo igi òpópónà tí bàbá àtọmọ ń gbé, oòrùn ń sè wọ́n bí ẹ̀wà, síbẹ̀ kò sí òkú igi kan níbẹ̀ lórí máàpù. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jọ̀ọ́, kó tẹ̀ ẹ́.

"Bí dókítà ṣe kánjú nípa ìyá rẹ náà nìyẹn," ni bàbá wí.

Ọmọ rántí. Lọ́jọ́ tí ìyá kú, bàbá ní kí dókítà tún un wò. Ó tún un wò. Bàbá ní kó tún un wò sí i, títí dókítà fi rọra jáde, tó pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ mọ̀ nígbà náà pé kò ní sí igi tuntun ní òpópónà àwọn níwọ̀n ìgbà tí bàbá òun bá wà láàyè. Ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá fúnra rẹ̀ lọ, àwọn tó wá bá ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn ò ríbi ìbòji dúró sí. Wọ́n fún ara wọn mọ́ ògiri.

Ọ́fíìsì gbé fóònù bàbá fún ọmọ rẹ̀. Igi tuntun tó kù ní ọ́fíìsì kò pọ̀, ọ̀la ni wọ́n máa pín in tán. Ó lọ síbi igi iwájú ilé wọn, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ gba atẹ́gùn. Fóònù ní inú ilé ìdáná aládùúgbò ni igi náà wà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá gbá igi náà mọ́ra. Èèpo gbígbẹ ń rún sí i láṣọ.

Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. "Ọmọ Agbágimọ́ra, ṣé kò sí o?"

Ẹ̀rín ló fẹ́ rín, ẹkún ló jáde.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọ́n ń wá wa."

Nígbà tí fóònù rí wọn, ọmọ wo ẹ̀ka igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún un wò, nítorí bàbá rẹ̀. Ó tún un wò sí i, nítorí ìyá rẹ̀. Kò sí ewé kan. Ó tẹ̀ ẹ́ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tú ọwọ́ kúrò lára igi.