Ohun tí Alhaja fi pẹ́ńsùlù kọ sínú ìwé tí wọ́n yá mi

Alhaja fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ilemona láàárọ̀ yìí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwa tá a fẹ́ràn ìwé ní Ọ̀fà máa ń yá ara wa níwèé, àwọn ló sì yá mi ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan. "Kà á, wàá gbádùn ẹ̀."

Mo ń gbádùn ẹ̀ lóòótọ́, àfi bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kan tí mo rí i tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ẹ̀ pé: "Dókítà yìí ló pa á."

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. "Alhaja, ẹ ti ba ìwé yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Má bínú, ọmọ mi. Tíṣà ni mí, mi ò lè ka ìwé kí n má máàkì í."

Pẹ̀lú ìbínú náà ni mo fi kà á parí nírọ̀lẹ́ yìí. Kì í ṣe dókítà ló pa á o.

Mo tún pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé lóòótọ́? Mi ò tíì kà á kọjá ibẹ̀ yẹn."

Ó wá kan èmi láti yá wọn níwèé. Mo ti gbẹ́ pẹ́ńsùlù mi. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n kọ sí i?