Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Ọkọ̀ Náà

Ní ọ̀sán ọjọ́ tá a lò pọ̀ kẹ́yìn, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí, páàdì géèmù wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n tó fi ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ bá mi pààrọ̀ ewé inú agbọ̀n obì." Mo ní ó di ọ̀la.

Obì ló ń tà ní Ṣàgámù, àmọ́ géèmù àwọn tó ń jagun láàárín ìràwọ̀ ló fẹ́ràn, pẹ̀lú ìwé aláwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ jáde láti inú ìtàn wọn. Á fẹ́ atẹ́gùn sí káséètì géèmù bó ṣe máa ń fẹ́ eruku kúrò lára obì. Síbẹ̀, ìwé ló gbà pé ó dára jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó bi mí pé, "Ọkọ̀ tó ti ń fò láàárín ìràwọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ló ń gbálẹ̀ rẹ̀? Nínú géèmù, ìbọn nìkan là ń yìn. Inú ìwé ni mo ti rí obìnrin tó mú ìgbálẹ̀ dání."

"Ṣé olùgbálẹ̀ lo wá wò lójú sánmà?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbálẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe máa rí i?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣubú lójijì. A gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì bá mi padà wá sílé.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà tí mo rí eruku lórí páàdì ni mo tó rántí agbọ̀n náà. Ewé ti gbẹ, kòkòrò ti wọ obì. Mo ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò, mo tẹ́ ewé tútù, mo to ìyókù sí i, mo sì bò ó. Lẹ́yìn náà, mo wá ibi tó máa ń fi ìgbálẹ̀ sí.